Kọ̀ǹpútà Gẹ́gẹ́ bí Alábòójútó ní Ilé-Iṣẹ́ Oògùn

Ní ìparí ọdún 2008, àwọn ọmọ-ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní Nàìjíríà lẹ́yìn tí àwọn ìyá wọn fún wọn ní oògùn eyín kan tí a ń pè ní My Pikin. Wọn kò lè tọ̀ mọ́. Kíndìnrín wọn ti bàjẹ́. Kí ọ̀rọ̀ náà tó rọlẹ̀, ó lé ní 80 ọmọ tí ó ti bá a lọ. Diethylene glycol ni a bá nínú oògùn náà. Májèlé yìí kan náà ni ó pa àwọn ọmọ ní Ìbàdàn àti Jos ní 1990.

Ohun tí ilé-iṣẹ́ oògùn ń fẹ́ rà ni propylene glycol tàbí glycerine, tí èròjà oògùn ń yòrò nínú rẹ̀. Diethylene glycol jọ àwọn méjèèjì bí ìbejì: kò ní àwọ̀, ó ki, ó sì dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kéré sí tiwọn, nítorí náà ni àwọn oníjìbìtì kan fi ń rọ ọ́ sínú àgbá tí a kọ orúkọ mìíràn sí lára. Ojú lásán kò lè dá a mọ̀. Ta ni yóò wá rí i dájú pé a kò lo àgbá kankan kí a tó yẹ̀ ẹ́ wò?

Ìwé ni a ti ń gbẹ́kẹ̀ lé láti ọjọ́ pípẹ́. Ìwé dára, ṣùgbọ́n ohunkóhun tí a bá kọ sí i ni ó ń gbà. Òṣìṣẹ́ lè jókòó ní ìrọ̀lẹ́ kí ó kọ èsì àyẹ̀wò tí kò ṣe ní òwúrọ̀; ọ̀gá sì lè fọwọ́ sí ogún ìwé láì ka ọ̀kan.

Ètò ìmójútó orí kọ̀ǹpútà ni ó wá dí irú àlàfo bẹ́ẹ̀. Bí àgbá kan bá wọlé, ètò náà yóò kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹni tí ó tà á wà lára àwọn oníṣòwò tí ilé-iṣẹ́ fọwọ́ sí. Lẹ́yìn náà yóò fún àgbá náà ní nọ́ńbà, yóò sì fi í sí àhámọ́. Níwọ̀n ìgbà tí èsì àyẹ̀wò kò bá tíì dé, bí ẹnikẹ́ni bá gbé àgbá náà wá sórí òṣùwọ̀n, kọ̀ǹpútà yóò kọ̀ jálẹ̀. Àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ kò sì ṣeé parẹ́. Bí òṣìṣẹ́ bá yí 95 sí 99, 95 náà yóò ṣì wà níbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, wákàtí tí ó yí i, àti ìdí rẹ̀. Òfin tí Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1997 ni ó là á sílẹ̀ bí irú àkọsílẹ̀ àti ìfọwọ́sí bẹ́ẹ̀ yóò ṣe dúró bí ti orí ìwé. Bí oògùn tí ó léwu bá sì ti dé ọjà, láti orí nọ́ńbà àgbá kan ni a ó ti mọ gbogbo páálí tí ó ti inú rẹ̀ jáde àti ẹni tí a kó wọn fún, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Síbẹ̀, ohun tí a bá sọ fún kọ̀ǹpútà ni ó mọ̀. Bí òṣìṣẹ́ mẹ́wàá bá ń lo ọ̀rọ̀ àṣírí kan ṣoṣo láti ṣí i, orúkọ tí ó wà lórí àkọsílẹ̀ di òfo. Èyí sì wọ́pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Ìdí nìyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ kan fi so ẹ̀rọ àyẹ̀wò pọ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà tààrà, kí èsì má baà gba ọwọ́ ènìyàn kọjá. Ti iná mànàmáná náà tún wà níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí iná rẹ̀ ń lọ tí ó ń bọ̀ gbọ́dọ̀ ní bátìrì àti jẹnẹrétọ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn òṣìṣẹ́ yóò padà sí orí ìwé ní ọ̀sán, wọn a sì máa kọ ọ́ wọnú kọ̀ǹpútà ní alẹ́, láti inú ohun tí wọ́n bá rántí.