Agbára àti eré ọ̀nà jíjìn: Ṣé èèyàn lè lé eku méjì kó má pòfo?

Àwọn àgbà ló máa ń sọ pé ẹni tó bá lé eku méjì yóò pòfo. Ọ̀rọ̀ yìí ló máa ń wá sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn nígbà tí ọ̀dọ́ kan bá ní òun fẹ́ máa gbé irin wúwo láti fi díje, kí òun sì tún máa sá eré ọ̀nà jíjìn. Wọn a ní kó yan ọ̀kan, kó fi èkejì sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé òótọ́ ni pé ara èèyàn kò lè gba méjèèjì?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti ṣeréṣeré, nítorí pé méjèèjì ló ń wu àwọn ọmọ wa. Ọmọ Nàìjíríà ni Folashade Oluwafemiayo, tó gba àmì ẹ̀yẹ góòlù nínú ìdíje Òlíḿpíìkì àwọn àkàndá ẹ̀dá tó wáyé ní Paris lọ́dún 2024. Kìló 167 ló gbé lórí ìdùbúlẹ̀, ìyẹn sì ju àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta lọ. Bákan náà, láti ọdún 2016 ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń péjọ sí ìlú Èkó láti sá eré máratọ́ọ̀nù, tó gùn tó kìlómítà 42. Ọmọ tó ń wo àwọn méjèèjì lè fẹ́ ṣe bí ti àwọn méjèèjì.

Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Robert Hickson, ló fi ìwádìí yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò dáadáa. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i gan-an ló gbé e débẹ̀. Agbérin ni Hickson, irin gbígbé sì ti mọ́ ọn lára kó tó lọ ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n John Holloszy ní ìlú St. Louis. Ọ̀gá rẹ̀ yìí fẹ́ràn eré sísá, Hickson náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sáré. Kò pẹ́ tó fi rí i pé ara òun ń fà, agbára òun sì ń dínkù, bẹ́ẹ̀ kò dáwọ́ irin gbígbé dúró. Nígbà tó sọ fún ọ̀gá rẹ̀, ìyẹn ní kó fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ìwádìí àkọ́kọ́ nígbà tó bá ti ní ibi iṣẹ́ tirẹ̀.

Hickson ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ó sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 1980. Ọ̀nà mẹ́ta ló pín àwọn èèyàn sí. Àwọn kan ń gbé irin lọ́jọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, àwọn kan ń sáré tí wọ́n sì ń wa kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, àwọn yòókù sì ń ṣe gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni wọ́n fi ṣe é. Agbára ẹsẹ̀ àwọn tó ń gbé irin nìkan ń lọ sókè títí dé òpin. Àwọn tó ń ṣe méjèèjì náà ń bá wọn lọ ní déédéé fún ọ̀sẹ̀ méje. Lẹ́yìn náà ni agbára wọn dúró sójú kan, nígbà tó sì di ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án àti ìkẹwàá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti yàtọ̀ rèé o. Èémí àwọn tó ń ṣe méjèèjì kò bàjẹ́ rárá. Bí ti àwọn tó ń sáré nìkan ṣe gbèrú náà ni tiwọn ṣe gbèrú. Èyí fi hàn pé eré sísá ló jẹ lára agbára, agbára kò jẹ lára eré sísá.

Lọ́dún 1988, Hickson tún fi ìwádìí mìíràn tì í lẹ́yìn. Àwọn tí eré sísá àti kẹ̀kẹ́ wíwà ti mọ́ lára ló kó jọ, ó sì ní kí wọ́n fi irin gbígbé kún un lọ́jọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, agbára ẹsẹ̀ wọn ti fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń wà fún ìṣẹ́jú 71 kó tó rẹ̀ wọ́n tẹnutẹnu tẹ́lẹ̀, wọ́n wà á dé ìṣẹ́jú 85. Nítorí náà, sárésáré tó bá ń sá fún irin, oore ló ń sá fún.

Kí ló wá dé tí eré fi ń jẹ lára agbára? Àlàyé kan tí àwọn onímọ̀ máa ń ṣe kò ṣòroó yé àgbẹ̀. Lẹ́yìn irin gbígbé ni ara máa ń mọ iṣan tuntun, bí ẹni ń mọ ilé. Eré gígùn ní tirẹ̀ máa ń jẹ oúnjẹ tó wà nípamọ́ nínú iṣan. Bí oúnjẹ bá sì ti fẹ́ tán nínú aká, ta ni yóò máa fún bírìkìlà lóúnjẹ? Ara á dá iṣẹ́ ilé dúró ná, á fi ìwọ̀nba tó kù gbé ẹ̀mí ró.

Ẹ wo àwọn tó ń díje nínú eré mẹ́wàá tí wọ́n ń pè ní decathlon. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọn a ju ọta irin, wọn a sáré, wọn a fò, wọn a sì fi eré mítà 1,500 kádìí rẹ̀. Nígbà tí Kevin Mayer, ọmọ Faransé, gba àmì 9,126 lọ́dún 2018, tó sì di ẹni tó gba àmì jù lọ láyé nínú eré náà, mítà 16 ni ọta irin tirẹ̀ dé, ó sì sá mítà 1,500 ní ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú-àáyá 36. Ryan Crouser tó jẹ́ pé ọta irin nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀ ju tirẹ̀ dé mítà 23.56 lọ́dún 2023. Hicham El Guerrouj, ọmọ Mòrókò, sì ti sá mítà 1,500 yẹn ní ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú-àáyá 26 lọ́dún 1998. Ọ̀gá ni Mayer láàárín àwọn tó ń ṣe ohun púpọ̀, ṣùgbọ́n kò lè bá olóhun-kan figagbága nídìí ohun rẹ̀.

Àwọn ìwádìí tó dé lẹ́yìn ti Hickson ti wá dín ẹ̀rù náà kù. Lọ́dún 2022, àwọn onímọ̀ kan kó ìwádìí 43 jọ, wọ́n sì rí i pé ṣíṣe méjèèjì pọ̀ kì í sábà dí agbára tàbí ìdàgbàsókè iṣan lọ́wọ́. Agbára òjijì, irú èyí tí èèyàn fi ń fò tàbí tó fi ń ta kìjí, ni ó lè pa lára, pàápàá bí wọ́n bá ṣe méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà láìfi wákàtí mẹ́ta, ó kéré tán, sí àárín wọn.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe méjèèjì, kó kọ́kọ́ mọ èyí tó jẹ́ olórí. Bí ìdíje irin ló ń bọ̀, kí irin jẹ́ ọba, kí eré jẹ́ ìjòyè. Bí ó bá gbé irin láàárọ̀, kó sáré lálẹ́. Ọjọ́ tó bá sá eré gígùn, kó má fi irin tó wúwo jù kún un. Kó jẹun dáadáa: iṣu tàbí ìrẹsì fún agbára eré, ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja fún iṣan. Kó sùn dáadáa, kó sì ní ọjọ́ ìsinmi. Ọmọ tó bá sì ti kọ ebè láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, kó ka iyẹn mọ́ iṣẹ́ ọjọ́ náà, nítorí pé ara kò mọ ọkọ́ yàtọ̀ sí irin.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ náà kò kàn yín. Lọ́dún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àwọn àgbàlagbà nímọ̀ràn pé kí wọ́n máa fi ìṣẹ́jú 150, ó kéré tán, ṣe eré ìdárayá lọ́sẹ̀, bí ìrìn kánmọ́kánmọ́, kí wọ́n sì tún máa ṣe èyí tó ń fún iṣan lágbára lọ́jọ́ méjì. Wọ́n ní kí ẹni tó bá ti lé ní ọdún 65 fi èyí tí kò ní jẹ́ kó máa ṣubú kún un lọ́jọ́ mẹ́ta. Dídìde lórí àga láìfi ọwọ́ tì í, léraléra, ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn ọkàn, kó kọ́kọ́ rí dókítà.

Eku méjì náà ṣeé lé, ṣùgbọ́n kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan ṣíwájú, kí èkejì tẹ̀ lé e.