Èdè-Ìperí fún Pátákó Àkọlé Ilé Ọtí

Lára ohun tí òfin máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń ta ọtí ni pé kí àkọlé wà ní ojú ilé rẹ̀, tí yóò sọ ẹni tí ó ni ìwé àṣẹ àti irú àṣẹ tí ó gbà. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó yẹ irú àkọlé bẹ́ẹ̀ ní ìlú bí Àkúrẹ́ àti Òǹdó.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ti mú àṣà yìí wá. Òfin ìwé àṣẹ ọtí tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní 1872 pàṣẹ pé kí ọlọ́tí kọ orúkọ rẹ̀ sí ibi tí ojú yóò ti tó o, kí ó fi kún un pé òun gba àṣẹ, kí ó sì sọ bóyá inú ilé náà ni a ó ti mu ọtí tàbí ńṣe ni a ó gbé e lọ. Ní Nàìjíríà, Àfikún Kẹrin Òfin-Ìpìlẹ̀ ti 1999 fi àṣẹ ọtí títà àti pátákó ìpolówó ìta gbangba sínú ìpínrọ̀ kan náà, lábẹ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí kan Gúúsù Àkúrẹ́ àti Ìwọ̀-Oòrùn Òǹdó gbọ̀ngbọ̀n.

Ewu wà nínú ìtumọ̀ oréfèé. Bí ògbufọ̀ bá pe 'off-licence' ní 'ìta àṣẹ', ó ti sọ olóòótọ́ di arúfin. A dábàá 'àgbélọ' (à + gbé + lọ), tí ìhun rẹ̀ bá ti 'àkópọ̀' mu. Fún èkejì rẹ̀, a dábàá 'àjókòómu' (à + jókòó + mu).

Bákan náà, 'ẹmu' kò lè dúró fún wáìnì, nítorí ara ọ̀pẹ ni a ti ń dá ẹmu, nígbà tí ó jẹ́ pé èso àjàrà ni a fi ń ṣe wáìnì. 'Ọtí wáìnì' ni kí a kọ. 'Ọtí líle' ni ó sì yẹ ògógóró àti jíìnì.

Ọ̀rọ̀ tí ó gba ìṣọ́ra jù lọ ni 'ọmọdé'. Àgbàlagbà lè pe ẹni ọgbọ̀n ọdún ní ọmọdé, kò sì ṣì í pè. Bí pátákó bá sọ pé 'A kì í ta ọtí fún ọmọdé', ọmọ ọdún 16 tí ó ti ń ṣiṣẹ́ lè ní òun kọ́ ni wọ́n ń bá wí. Bí òfin bá fi ààlà sí ọdún 18, kí a kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: 'A kì í ta ọtí fún ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 18.'

Àpẹẹrẹ àkọlé kíkún nìyí, lẹ́yìn orúkọ ọlọ́tí: 'Ó gba àṣẹ láti ta bíà àti ọtí wáìnì, àgbélọ nìkan.' Ẹni tí ó bá kà á yóò mọ ohun tí òfin fi àyè gbà àti ohun tí kò fi àyè gbà. Bí àkọlé kò bá lè ṣe èyí fún ẹni tí ń rà àti ẹni tí ń tà, ọ̀ṣọ́ ara ògiri lásán ni.