Òjò Bá Wa Létí Òkun



Nínú oṣù kẹfà, àwa tọkọtaya gbéra láti Palmgrove, a lọ sinmi ní Àgbádárìgì. Bí a ti dé ni òjò dé. Gbẹ́rẹ̀fú, níbi tí òkun wà, ń bẹ ní òdìkejì ọ̀sà; ọkọ̀ ojú omi la fi ń débẹ̀. Ó wù wá láti lọ, ṣùgbọ́n nígbà òjò, ìgbì òkun a máa gbé ẹni tó mọ̀wẹ̀ pàápàá lọ. A jókòó.

Àánú Ọlọ́run ni òjò. Ànábì (SAW) máa ń tọrọ pé kó jẹ́ òjò tó ṣàǹfààní. A jọ kírun nínú yàrá, a sọ ọ̀rọ̀ tí wàhálà Èkó kì í jẹ́ ká sọ. Nígbà tó dá díẹ̀, a lọ wo ilé Sẹ̀ríkí Abass, níbi tí wọ́n ti ń há àwọn ẹrú mọ́. Bí a ti rí àwọn yàrá tóóró yẹn, a ò ráhùn nípa tiwa mọ́.

Ẹ̀yin tó bá ń lọ, ẹ se omi kó hó kí ẹ tó mu ún. Àgbàrá a máa gbé ẹ̀gbin wọ kànga, ibẹ̀ sì ni kọ́lẹ́rà ti ń wá. Ẹ sùn sábẹ́ nẹ́ẹ̀tì. Ẹ tètè bọ́ aṣọ tútù. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá dé, ẹ po ṣíbí tíì ṣúgà 6 àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ mọ́ lítà omi mímọ́ 1, ẹ máa mu ún bí ẹ ti ń lọ sí ilé ìwòsàn.

Kí Ọlọ́run fi ìlera ṣọ́ wa, àmín.