Nanny kan, ìdílé méjì: ìṣirò tí 30 wákàtí ọ̀fẹ́ kò sọ

Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025 ni àwọn òbí tó ń ṣiṣẹ́ ní England ti lẹ́tọ̀ọ́ sí 30 wákàtí ìtọ́jú ọmọ lọ́sẹ̀ lórí owó ìjọba, bẹ̀rẹ̀ látorí ọmọ oṣù mẹ́sàn-án. Ìròyìn náà kò ṣàjèjì mọ́ ní Peckham àti Woolwich ní London. Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí kò fura sí ni pé nanny, ẹni tó ń wá tọ́jú ọmọ nínú ilé òbí, kò sí nínú ètò náà. Jẹ́lé-ó-sinmi àti childminder (ẹni tó ń tọ́jú ọmọ nínú ilé tirẹ̀) tó forúkọ sílẹ̀ ló wà fún, ọ̀sẹ̀ 38 lọ́dún sì ni. Tax-Free Childcare ló kù fún ẹni tó gba nanny: bí òbí bá fi £8 sílẹ̀, ìjọba á fi £2 kún un, títí dé £2,000 lọ́dún lórí ọmọ kan. Ìyẹn náà, àfi bí nanny bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Ofsted, àjọ tó ń bójú tó ìtọ́jú ọmọ.

Ìdí nìyí tí àwọn ìdílé kan fi ń pawọ́ pọ̀ gba nanny kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ ló rò pé ìdílé kan ni ọ̀gá, èkejì kàn ń dáwó sí i ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Agbanisíṣẹ́ méjì ló wà níbẹ̀: ìdílé kọ̀ọ̀kan yóò ní àdéhùn tirẹ̀ pẹ̀lú nanny, yóò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ HMRC (àjọ owó orí), yóò sì máa yọ owó orí kúrò nínú owó iṣẹ́.

Ibi tó dùn mọ́ mi nínú nìyí. Agbanisíṣẹ́ ń san 15% National Insurance lórí owó iṣẹ́ tó bá lé ní £5,000 lọ́dún. Bí ìdílé kan bá dá san £30,000 fún nanny, £3,750 ni yóò fi kún un. Bí méjì bá pín in sí £15,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, £5,000 àkọ́kọ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, £1,500 ni yóò sì kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. £3,000 ni àpapọ̀ rẹ̀. £750 ti dúró sápò.

Ṣùgbọ́n ibi tí ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ kò jìnnà síbẹ̀. £12,570 tí òṣìṣẹ́ kì í san owó orí lé lórí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ní in. Bí wọ́n bá gbé gbogbo rẹ̀ sọ́dọ̀ ìdílé àkọ́kọ́, owó orí á máa jẹ owó tí ìdílé kejì ń san láti pọ́n-ùn àkọ́kọ́. Bó bá jẹ́ iye tí nanny yóò mú lọ sílé ni wọ́n jọ fẹnu kò sí, ìdílé kejì ni yóò san jù. Kí wọ́n ṣàdéhùn lórí owó kí a tó yọ owó orí ló dára.

Ìdílé kẹta kò sì gbọdọ̀ dara pọ̀ mọ́ wọn. Bí nanny bá ń tọ́jú ọmọ ìdílé mẹ́ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó ti di childminder lójú òfin nìyẹn, ó sì gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn àgbà wa tó ti pẹ́ nílùú òyìnbó lè rí èyí bí ohun tuntun tó jọ ti àtijọ́. Láàárín ọdún 1950 sí 1970 àti díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láti Nàìjíríà ló gbé ọmọ fún ìdílé òyìnbó tọ́, tí wọ́n ń polówó nínú ìwé ìròyìn Nursery World, kí wọ́n lè ráyè kàwé, kí wọ́n sì ráyè ṣiṣẹ́. Adewale Akinnuoye-Agbaje, ọmọ Yorùbá tí wọ́n tọ́ bẹ́ẹ̀, gbé ìrora rẹ̀ jáde nínú fíìmù Farming lọ́dún 2018. Lónìí, bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 bá fẹ́ gbé lọ́dọ̀ ẹni tí kì í ṣe ìbátan tímọ́tímọ́ fún ọjọ́ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, dandan ni kí ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́. Ti nanny alájọpín yàtọ̀ pátápátá: alẹ́ kì í lẹ́, kí ọmọ má sùn lọ́dọ̀ òbí rẹ̀.

Nínú jẹ́lé-ó-sinmi àti nanny, èwo ló wá sàn jù fún ọmọ? Ìwádìí tí àjọ ìlera ọmọ NICHD ṣe ní Amẹ́ríkà, tó tẹ̀lé àwọn ọmọ tó ju 1,300 lọ láti ọdún 1991, fi hàn pé ìtọ́jú tó jíire ń ran èdè ọmọ lọ́wọ́ díẹ̀, pé wákàtí gígùn ní ibùdó ìtọ́jú sì ń bá agídí díẹ̀ rìn, ṣùgbọ́n ipa ilé ọmọ fúnra rẹ̀ ló wúwo jù. Amẹ́ríkà kì í ṣe England, nanny alájọpín kọ́ sì ni wọ́n wádìí. Nítorí náà, èrò tèmi lásán nìyí: bí ọmọ bá jẹ́ ẹyọ kan, tí iṣẹ́ òbí sì bá wákàtí jẹ́lé-ó-sinmi mu, ó ṣòro kí nanny borí 30 wákàtí yẹn ní ti owó. Nọ́ọ̀sì tó ń gba iṣẹ́ òru ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀, òun àti ẹni tí jẹ́lé-ó-sinmi máa ń tì kó tó dé láti ibi iṣẹ́. Kò sì sí òfin tó ní kí wọ́n má da méjèèjì pọ̀, kí ọmọ lo wákàtí ìjọba fún ọjọ́ mẹ́ta, kí nanny gba ọjọ́ méjì tó kù.