Ìbọn Àtijọ́ Kò Sá Mọ́ Òfin Lọ́wọ́: Ìtanijí fún Ará Ìwó

Èrò kan gbilẹ̀ láàárín wa pé bí ìbọn bá ti gbó, tàbí bí wọ́n bá rọ ọ́ kó lè jọ èyí tó ti gbó, ó ti kúrò lára ohun tí ìjọba ń bi ni léèrè. Ọmọ ọdẹ tó jogún ṣakabùlà ní Ìwó ń rò bẹ́ẹ̀. Ọmọ Ìwó tó wà ní Amẹ́ríkà, tó fẹ́ ki ìbọn kọ́bọ̀ì sínú kọ̀ńténà ránṣẹ́ sílé, ń rò bẹ́ẹ̀ náà. Àwọn méjèèjì ló ṣìnà.

Ìbọn inú fíìmù kọ́bọ̀ì

Ẹni tó bá ti wo fíìmù kọ́bọ̀ì rí mọ ìbọn tí à ń wí. Irin kan wà lábẹ́ rẹ̀ níbi tí ọwọ́ ti ń dì í mú. Bí wọ́n bá fà á sísàlẹ̀ tí wọ́n sì dá a padà, èèpo ọta tó ti yìn á jáde, ọta mìíràn á wọlé. Iléeṣẹ́ Winchester ní Amẹ́ríkà gbé èyí tó lókìkí jù nínú wọn jáde ní 1873. Lónìí, iléeṣẹ́ Uberti ní Ítálì ń rọ ẹ̀dà rẹ̀ tuntun fún àwọn tó fẹ́ràn nǹkan àtijọ́.

Òfin ìbọn tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1968 ka ìbọn tí wọ́n rọ ní 1898 tàbí ṣáájú rẹ̀ sí ohun àtijọ́. Ẹ̀dà tuntun ńkọ́? Bí ó bá ń lo kátíríìjì tí wọ́n ṣì ń tà lọ́jà, ìbọn òde òní ni, bó ti wù kí igi ìdí rẹ̀ jọ ti baba ńlá wọn tó. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì náà kò ka ẹ̀dà tuntun sí ìbọn àtijọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú ni ti ọta. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò ní kí ẹni tó ń ṣe ọta fún ìlò ara rẹ̀ gba láísẹ́ǹsì. Ìdí nìyẹn tí fídíò irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fi kún orí íntánẹ́ẹ̀tì, táwọn ọ̀dọ́ wa sì ń wò ó bí ẹni ń wo bí wọ́n ṣe ń dín àkàrà. Ohun tó jẹ́ eré ìdárayá lọ́hùn-ún, ẹ̀wọ̀n ni níbí.

Òfin 1959

Òfin tó ń ṣàkóso ìbọn ní Nàìjíríà ti wà láti 1959. Ó pín ìbọn sí ìsọ̀rí mẹ́ta. Èyí àkọ́kọ́ ni ìbọn tí a kà léèwọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ní àfi bí Ààrẹ bá fún un láṣẹ: ìbọn arọ̀jò ọta, rífù ológun, àti gbogbo ìbọn ìléwọ́. Mo ní gbogbo, nítorí òfin náà dárúkọ ìbọn ìléwọ́ ayé ọjọ́un tó ń fi òkúta ṣáná pàápàá. Ẹni tó bá ń sọ pé gbígbó ni ààbò ìbọn, kó ka ibẹ̀.

Ìsọ̀rí kejì ni ìbọn tí aráàlú lè ní bí Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá bá fún un ní láísẹ́ǹsì. Rífù ọdẹ tí kì í ṣe ti ológun wà níbẹ̀. Òfin kò fàyè gba kí wọ́n fún ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 17 ní láísẹ́ǹsì yìí, tàbí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, ọ̀mùtí, àti ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn.

Ìsọ̀rí kẹta ni ìbọn tí a ń ki láti ẹnu, ṣakabùlà wa nìyẹn. Pé ó wà nísàlẹ̀ kò sọ ọ́ di ohun tí ẹnikẹ́ni lè gbé kọ́ èjìká láìbéèrè.

Ọta ni òfin ń ṣọ́ jù

Ẹ jẹ́ ká wo Ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Ìbàdàn, tí Ìwó wà lẹ́yìn rẹ̀ nígbà náà, ti gbójú lé ìbọn tí wọ́n ń ki láti ẹnu fún ìgbà pípẹ́. Àwọn Èkìtìparapọ̀ tí wọ́n ń bá Ìbàdàn jà wá rí ìbọn Snider gbà nípasẹ̀ àwọn ọmọ wọn tó wà ní Èkó, ìbọn tí wọ́n ń ki láti ìdí, tó ń yìn kíákíá. Ogun yí padà. Ṣùgbọ́n Snider kò lè jẹ irin wẹ́wẹ́ àti ẹ̀tù bíi ṣakabùlà. Kátíríìjì ló ń jẹ, Èkó ni kátíríìjì sì ti ń wá. Bí ọ̀nà bá dí, igi lásán ni. Ìbọn kọ́bọ̀ì náà kò yàtọ̀: láìsí ọta tirẹ̀, kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Òfin mọ èyí, ìdí nìyẹn tí kò fi dá ọwọ́ dúró lórí ìbọn nìkan.

Ẹni tí kò ní láísẹ́ǹsì kò gbọ́dọ̀ ní ọta irú ìbọn bẹ́ẹ̀ nílé. Ṣíṣe ọta, rírọ ìbọn, títò ó pọ̀ àti títún un ṣe tún le ju ìyẹn lọ: ilé ìkóhun-ìjà ìjọba nìkan ni òfin fún irú iṣẹ́ yìí láyè. Ẹ̀yin alágbẹ̀dẹ, ẹ gbọ́ o. Àwọn baba yín lè ti ṣe é láìsí ẹni tó bi wọ́n, Ògún sì lè jẹ́ tiyín tọkàntara. Adájọ́ kò ní bi yín léèrè ẹni tí ẹ ń bọ.

Ẹ̀tù náà ní òfin tirẹ̀, òfin ohun abúgbàù ti 1964. Ẹ̀tù kò sì dúró de òfin kó tó ṣọṣẹ́. Iná kékeré ló ń wá. Ẹni tó bá ń pò ó tàbí tó ń kó o pamọ́ sínú ilé táwọn ọmọdé ń sùn, ikú ló gbà lálejò.

Ọdẹ àti Àmọ̀tẹ́kùn

Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ikọ̀ aláàbò Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní 2020, ọ̀pọ̀ ọdẹ ti darapọ̀ mọ́ iṣẹ́ ààbò ìlú, ó sì yẹ ká kí wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀wù iṣẹ́ kì í ṣe láísẹ́ǹsì. Ìbọn tí ọdẹ ní fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé tirẹ̀.

Bí ìbọn bá bọ́ sí yín lọ́wọ́

Bí baba bá kú tó fi ìbọn sílẹ̀, ẹ má ṣe pín in bí ẹní pín ilẹ̀. Orúkọ baba ló wà nínú láísẹ́ǹsì, bí ó bá tilẹ̀ ní. Ẹ kọ́kọ́ mú lọ́yà tàbí àgbà ọdẹ kan dání lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá láìgbé ìbọn náà, kí ẹ béèrè ìlànà, kí wọ́n sọ bí ẹ ó ṣe fà á lé wọn lọ́wọ́ tàbí bí ẹ ó ṣe gbàwé lórí rẹ̀. Ẹ má yìn ín wò. Ẹ̀yin tó wà lókè òkun, ẹ má fi ìbọn tàbí ọta ránṣẹ́ sínú ẹrù. Láìsí ìwé àṣẹ, kò gbọ́dọ̀ wọ Nàìjíríà.

Ìjìyà ẹni tí wọ́n bá ká ìbọn tí kò bófin mu mọ́ lọ́wọ́ ni owó ìtanràn ₦20,000, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 10, tàbí méjèèjì. Ti ẹni tó bá ń ṣe ọta kò ní owó ìtanràn nínú rárá: ẹ̀wọ̀n ni, kò sì dín ní ọdún 10.