Kí Ọwọ́ Tó Kan Aláìsàn: Ẹ̀kọ́ Tí Òṣìṣẹ́ Ánbúláǹsì Gbọ́dọ̀ Kọ́



Lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan lẹ́yìn àsàlátù, ìyá kan láti Oko-Ọba dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláṣí, ó mú ìwé pélébé kan lọ́wọ́. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti jáde ilé-ẹ̀kọ́ girama láti ọdún méjì. Ó ti rí ẹni tó fẹ́ sọ ọ́ di EMT, ìyẹn òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú aláìsàn pàjáwìrì kó tó dé ilé ìwòsàn. Ọjọ́ Sátidé méjì péré ni ẹ̀kọ́ náà, sàtífíkéètì yóò sì jáde lọ́jọ́ Àtìní tó tẹ̀lé e. Owó tí wọ́n ní kó mú wá kò kéré; ìyá wa ṣì ń ṣà á jọ nínú ata tó ń tà. Ohun tó bi wá kò ju pé, “Ẹ jọ̀wọ́, ṣé òótọ́ ni?”

A ní kì í ṣe òótọ́. Ṣùgbọ́n a rí i lójú rẹ̀ pé ìdáhùn yẹn kò tó o. Ó fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ òótọ́.

Ẹni tó bá ń gbé láàárín Ìkẹjà sí Agége kò nílò àlàyé lórí ohun tí pàjáwìrì jẹ́. Láti Ọba Akran dé Ọ̀gbà, títí lọ dé Òrégùn, ilé-iṣẹ́ ló to ara wọn lọ bẹẹrẹbẹ. Ẹ̀rọ tó ń gé páálí ń bẹ níbẹ̀, ìkòkò epo gbígbóná ń bẹ, ásíìdì ń bẹ. Rélùwéè gba àárín ìlú Agége kọjá. Àwa fúnra wa wà nítòsí lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ gbá ọwọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan mú ní ilé-iṣẹ́ kan tí a kò ní dárúkọ. Ó tó ogún ènìyàn tó ń pariwo. Ẹnì kan ń rọ omi sí i lẹ́nu. Ẹnì kan fi wáyà di apá rẹ̀ pinpin lókè ìgunpá, kò sì sí ẹni tó wo aago. Wọ́n gbé e jókòó sẹ́yìn kòrópè, orí rẹ̀ ń mì síbí, ó ń mì sọ́hùn-ún. Kò sí ènìyàn burúkú nínú wọn. Kò ṣáà sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ọmọkùnrin náà yè, a dúpẹ́ fún Ọlọ́hun, ṣùgbọ́n wọ́n gé ọwọ́ náà.

Ẹ̀sìn wa ti sọ̀rọ̀ lórí irú èyí kí ánbúláǹsì tó dáyé. Nínú hádíìsì tí Abu Dawud gbà wá, ọkùnrin kan fi orí gbọgbẹ́ lójú ìrìn-àjò, ìwẹ̀ jánábà sì di dandan fún un. Ó bi àwọn tí wọ́n jọ ń lọ bóyá táyámọ́mù lè tó òun. Wọ́n ní kò sí àyè fún un níwọ̀n ìgbà tí omi wà. Ó wẹ̀, ó sì kú. Nígbà tí Ànọ́bì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) gbọ́, ó ka ikú náà sí wọn lọ́rùn, ó sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé bíbéèrè ni oògùn àìmọ̀. Hádíìsì mìíràn tún fi yé wa pé ẹni tó ń ṣe ìwòsàn láìjẹ́ pé a mọ̀ ọ́n mọ́ iṣẹ́ náà ni yóò dáhùn fún ohun tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ bàjẹ́. Nítorí náà, ìwé-ẹ̀rí Sátidé méjì kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan. Ẹ̀jẹ̀ ènìyàn wà nínú rẹ̀.

Kí wá ni wọ́n ń béèrè? Ní Nàìjíríà, ẹni tó bá fẹ́ gba ìwé-ẹ̀rí ND nínú ẹ̀kọ́ ìlera sábà máa ń nílò kírẹ́díìtì márùn-ún nínú WAEC tàbí NECO, kó má kọjá ìjókòó méjì: Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, báyọ́lọ́jì, kẹ́mísírì àti físíìsì. JAMB tún wà níbẹ̀, ẹ̀kọ́ náà sì jẹ́ ọdún méjì. A gba ìwé èsì ọmọ ìyá wa wò. Mẹ́rin nínú márààrún wà níbẹ̀. Ìṣirò ni kò gbà.

Ìyá wa bi wá pé kí ni ìṣirò wá ń ṣe nínú ánbúláǹsì. Ìbéèrè gidi ni. Ká ní ọ́síjìn tó kù nínú sílíńdà jẹ́ lítà 300, aláìsàn sì ń fa lítà 10 láàárín ìṣẹ́jú kan: ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ló kù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Agége Motor Road nírọ̀lẹ́ Jímọ̀ mọ̀ pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lè tán kí ọkọ̀ tó kúrò ní Mushin. Ẹni tí kò lè ṣe ìṣirò yẹn kí ọkọ̀ tó gbéra, àárín ọ̀nà ni yóò ti kọ́ ọ.

Àwọn oníjìbìtì máa ń sọ pé ti Amẹ́ríkà ni àwọn ń ṣe, torí pé ẹ̀kọ́ EMT níbẹ̀ kúrú ju ND wa lọ. Òótọ́ ni pé ó kúrú. Nǹkan bíi wákàtí 150 sí 190 ni. Ọjọ́ Sátidé méjì, ká tilẹ̀ ní wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, mẹ́rìndínlógún péré ni. Nínú ti Amẹ́ríkà, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ gba ìwé-ẹ̀rí CPR, kó yege nínú ìdánwò kíláàsì, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà lójú olùkọ́, kó sì lo àkókò pẹ̀lú aláìsàn gidi. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò tó jókòó fún ìdánwò National Registry, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1970: ìbéèrè 70 sí 120, wákàtí méjì. Ọdún méjì péré ni ìwé-ẹ̀rí náà ń lò, wákàtí ẹ̀kọ́ 40 ni wọ́n sì fi ń tún un ṣe.

Nínú kíláàsì, wọ́n ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ àyà ẹni tí ọkàn rẹ̀ dúró: ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, kí àyà àgbàlagbà wọlé ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún ó kéré tán. Wọ́n ń kọ́ gbígbẹ̀bí lójijì. Wọ́n ń kọ́ pé bí wọ́n bá so apá tó ń ṣẹ̀jẹ̀, dandan ni kí wọ́n kọ àkókò tí wọ́n so ó sílẹ̀, torí dókítà yóò béèrè. Ìmọ́tótó tún wà níbẹ̀ púpọ̀. Àwa tí a ń ṣe àlùwàlá lójoojúmọ́ mọ fífọ ọwọ́, ṣùgbọ́n omi àlùwàlá lásán kò tó fún ọwọ́ tó kan ẹ̀jẹ̀. Ọṣẹ ni, ìbọ̀wọ́ sì ti gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ṣáájú. Abẹ́rẹ́ àjẹsára hẹpatáítíìsì B, tó sábà máa ń jẹ́ mẹ́ta láàárín oṣù mẹ́fà, wúlò fún akẹ́kọ̀ọ́ kó tó sún mọ́ aláìsàn.

Ẹ má rò pé iṣẹ́ ọkùnrin nìkan ni. Rufaidah al-Aslamiyyah ni àgọ́ rẹ̀ wà nínú mọ́sáláṣí Ànọ́bì ní Mẹ̀dínà nígbà ogun Khandaq, ibẹ̀ ni wọ́n gbé Sa‘d ọmọ Mu‘adh lọ nígbà tí ọfà bà á.

Ẹni tí kò bá lè dúró fún ọdún méjì lè kọ́ ìtọ́jú àkọ́kọ́ lọ́dọ̀ Red Cross ti Nàìjíríà. Ọjọ́ díẹ̀ ni, ó sì wúlò nínú ilé àti níbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sọ èèyàn di EMT. Fún àwa yòókù, 767 tàbí 112 ni kí a pè ní Èkó. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ibi tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ jẹ́ kí omi ẹ̀rọ tútù máa ṣàn sórí ibi tí iná jó fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ má fi epo pupa tàbí ọṣẹ ìfọyín sí i. Ẹ má ṣe rọ omi sí ẹni tó fara pa lẹ́nu. Bí ilé ìwòsàn kan bá sì fẹ́ lé e padà nítorí owó, òfin ìlera orílẹ̀-èdè ti 2014 kò gbà á láyè: owó ìtanràn 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà wà níbẹ̀.

Ìyá wa kò san owó Sátidé méjì náà mọ́. Ó yọ díẹ̀ nínú rẹ̀, ó fi ra fọ́ọ̀mù GCE fún ọmọ rẹ̀. Olùkọ́ ìṣirò kan nínú jámáà wa ń kọ́ ọ lọ́jọ́ Àtìní àti Àlàmísì lẹ́yìn ìrun Ìṣáì. Àwọn ọmọ mẹ́ta mìíràn ti dara pọ̀ mọ́ ọn, àyè ṣì wà.