Kí Tọkọtaya Tó Kó Ọmọ Lọ sí Abidjan

Ní Èjìgbò, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu láti gbọ́ Faransé lẹ́nu ìyá aláta. Ó ti pẹ́ tí àwọn ará ìlú náà ti ń lọ Abidjan ní Côte d'Ivoire, bọ́ọ̀sì tó ń lọ ibẹ̀ sì máa ń gbéra láti Èjìgbò gan-an. Nínú ọ̀pọ̀ ìdílé, bàbá àgbà ló kọ́kọ́ lọ, ọmọ-ọmọ ṣì ń lọ, ó ń bọ̀. Ní ọ̀hún, Anago ni wọ́n ń pe Yorùbá. Tọkọtaya tó bá fẹ́ kó ọmọ lọ gbé ibẹ̀ fún ọdún kan tàbí méjì, láìsí ilé-iṣẹ́ tó rán wọn, láìsí èjẹ́ǹtì, lè kọ́ ọgbọ́n lára àwọn ará Èjìgbò. Èyí tó jù nínú ọgbọ́n náà ni pé ọmọ ni kí wọ́n fi ṣètò ìrìn-àjò, kì í ṣe owó ọkọ̀.

Ìwé ló ṣáájú. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1979, àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí àdéhùn lílọ-bíbọ̀ ní Dakar, ọmọ Nàìjíríà kò sì nílò físà mọ́ láti wọ Côte d'Ivoire. Ìwé ìrìnnà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá àti ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára ni àdéhùn náà béèrè. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà dé ni pé 90 ọjọ́ péré ló fàyè gbà. Àdéhùn náà ní kí ẹni tó bá fẹ́ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ gbàṣẹ lọ́wọ́ ìjọba ibẹ̀. Àwọn àgbà Anago ṣì rántí káàdì ìgbélùú tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní ọdún 1990, àti wàhálà tí ẹni tí kò ní in máa ń rí lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Ọdún 2007 ni wọ́n tó gbé e kúrò lọ́rùn ọmọ ECOWAS.

Òǹtẹ̀ tí wọ́n lù sínú ìwé ìrìnnà ní ẹnubodè níye lórí gan-an, torí láti ọjọ́ òǹtẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ka 90 ọjọ́. Àwọn awakọ̀ mìíràn a máa gba owó lọ́wọ́ èrò kí wọ́n lè kọjá kíákíá láìlu òǹtẹ̀ kankan. Kí òbí tó kó ọmọ dání má gbà. Wákàtí kan tí wọ́n fi tò sórí ìlà sàn ju kí wọ́n dé Abidjan láìsí ẹ̀rí ọjọ́ tí wọ́n wọ̀lú. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé ìrìnnà tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìyá nìkan tàbí bàbá nìkan ló ń kó wọn lọ, kí ó mú ìwé ìyọ̀ǹda tí ẹnì kejì fọwọ́ sí níwájú lọ́yà tàbí ní kóòtù dání.

Yẹlò káàdì, ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú, kì í ṣe eré. Grand-Bassam, ìlú etíkun tí kò jìnnà sí Abidjan, ni olú-ìlú àwọn Faransé láti ọdún 1893. Ní ọdún 1899, ibà pọ́njú jà níbẹ̀, ó sì pa èèyàn débi pé wọ́n kó ìjọba lọ sí Bingerville. Abidjan kò di olú-ìlú títí di ọdún 1934. Ọmọ tó bá ti pé oṣù mẹ́sàn-án lè gba abẹ́rẹ́ náà, láti ọdún 2016 ni àjọ ìlera àgbáyé sì ti ní ẹ̀ẹ̀kan péré tó fún gbogbo ọjọ́ ayé ẹni.

Láti Èkó dé Abidjan lójú ọ̀nà jẹ́ nǹkan bí 1,000 kìlómítà, ẹnubodè mẹ́rin ló sì wà lójú ọ̀nà: Sẹ̀mẹ̀, Hillacondji, Aflao, àti Elubo tó kọjú sí Noé. Ní Hillacondji, aago á padà sẹ́yìn ní wákàtí kan. Owó sẹ́fà tí wọ́n ná ní Cotonou ni wọ́n máa ná ní Lomé àti Abidjan, Ghana nìkan ló ń ná sídì. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni kó gbogbo owó rẹ̀ fún àwọn onípàṣípààrọ̀ Aflao. Kí ìdílé sùn ní Lomé. Ọmọdé tí wọ́n jí lóru lẹ́ẹ̀mẹrin láti fojú han aṣọ́bodè kò ní bá ẹnikẹ́ni rẹ́ ní ọjọ́ kejì. Kí wọ́n sì fi owó ọkọ̀ òfuurufú pamọ́, torí láti oṣù Kẹjọ ọdún 2019 di oṣù Kejìlá ọdún 2020, Nàìjíríà ti àwọn ẹnubodè ilẹ̀ rẹ̀ pa.

Ní ti ilé, òfin ọdún 2019 sọ pé onílé kò gbọ́dọ̀ gbà ju owó oṣù méjì ìdógò àti owó oṣù méjì àsansílẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ onílé ṣì ń béèrè jù bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mọ òfin á lè dúnàádúrà. Oṣù Kẹfà ni òjò pọ̀ jù, ilé tó wà ní kòtò kò sì dára fún ọlọ́mọ. Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ti Nàìjíríà kò wọ ògiri ibẹ̀. Gbaka ni wọ́n ń pe bọ́ọ̀sì kékeré tí ọmọ ọkọ̀ ń rọ̀ mọ́ lẹ́nu ọ̀nà, tó ń ké "Adjamé! Adjamé!", wôrô-wôrô ni takisí tí èrò jọ ń wọ̀. Ọmọ tó bá mọ gàrí jẹ kì í pẹ́ gba attiéké, torí ẹ̀gẹ́ náà ni, alloco sì ni dòdò.

Ilé ẹ̀kọ́ ló gba ìrònú jù. Òfin oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015 mú un ní dandan kí ọmọ tó wà láàárín ọdún 6 sí 16 wà nílé ẹ̀kọ́, Faransé ni wọ́n sì fi ń kọ́ wọn. Ọmọ tó ti wà ní kíláàsì kẹrin nílé lè bá ara rẹ̀ láàárín àwọn tó kéré sí i, ìtìjú ìyẹn sì máa ń dùn ún ju bí òbí ti rò lọ. Ẹni tó bá ní oṣù mẹ́fà kó tó gbéra, kí ó wá olùkọ́ Faransé fún ọmọ nílé, kí wọ́n máa kà á, kí wọ́n máa kọ ọ́, torí àwọn ọmọ àdúgbò á kọ́ ọ ní ti ẹnu lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú nouchi, èdè ìgboro Abidjan tí olùkọ́ kì í fẹ́ gbọ́. Kí wọ́n gba ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí lọ́wọ́ àjọ ètò ìkànìyàn, kí wọ́n sì jẹ́ kí ògbufọ̀ tó ti búra túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé. Yorùbá náà kò gbọ́dọ̀ kú lẹ́nu ọmọ. Ìjọ àti mọ́sálásí tí àwọn Anago ti ń sọ ọ́ wà nílùú náà.

Bí ìyá bá sì bímọ lọ́hùn-ún, oṣù mẹ́ta ni òfin fún wọn láti lọ forúkọ ọmọ náà sílẹ̀ ní gbọ̀ngàn ìlú. Bíbí tí wọ́n bí i síbẹ̀ kò sọ ọ́ di ọmọ Côte d'Ivoire, torí ẹ̀jẹ̀ òbí ni òfin wọn ń wò. Ọmọ Nàìjíríà ni, òfin wa sì gbà á bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n mú ìwé ìbí náà lọ sí ilé-iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà ní Abidjan láìjáfara, kí ọmọ lè gba ìwé ìrìnnà tirẹ̀ kí ọjọ́ ìpadàbọ̀ tó dé.